Ẹni Tó Bá Ní Ọkọ Kó Mú Un Wá

“Ibẹ̀ yẹn kọ́.” Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lu aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. “Ilé oúnjẹ tó bá ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ẹ má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́.”

Dírẹ́bà tó wá kó aṣọ ilé ìwòsàn bú sẹ́rìn-ín. “Ẹnu ọ̀nà mélòó lẹ fẹ́ fi jẹ ìrẹsì, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹnu tiyín ò tó ni?”

“Tìẹ ló tóbi jù. Òun la ṣe ń wá ibi tí oúnjẹ ti pọ̀.”

Ọjọ́ kẹta rèé tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé alágbàfọ̀ náà ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Ọṣẹ, tó ti fọ aṣọ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ bá a jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn ò lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ilé ìwòsàn ò mọ Àìkú. Àwọn kan á dé ní aago méjìlá, àwọn kan á dé ní mẹ́ta, ẹlòmíràn á jẹun tán á tún sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ń wá ni ibi tí èèyàn ti lè jókòó pẹ́ kí olóúnjẹ má fojú lé e jáde, tí oúnjẹ ẹni tó pẹ́ dé ò sì ní di òkúta.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí Ìyàwó ti ń ká aṣọ ibùsùn. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń pè é ni gbogbo ibi iṣẹ́ ṣe ń pè é. Egbò iná kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́, kò tíì san tán. Jórinjórin ni àbúrò Ẹ̀gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, nítorí pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, ó mú irin tó ti pọ́n nínú iná, ó sì fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ lásán ni obìnrin náà fi sá wá sílé Ẹ̀gbọ́n. Kò mú nǹkan kan dání, fóònù pàápàá ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bó bá tún rí mi, á pa mí,” ló wí. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́.

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n ń wá ilé oúnjẹ bí ẹni ń wá ibi tí yóò sá sí lójú ogun. Èyí tó wà létí ibùdókọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgò gún ẹnì kan níbẹ̀ ni. Èyí tó ní àga tó dára, kò ju ìjù òkò kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Ó wá ku Má Kánjú. Obìnrin alápá ńlá kan ló ni ín. Bí o bá ti béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, “má kánjú” ló máa wí, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà kan wà níwájú, òmíràn wà ní ilé ìdáná, tó já sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn.

“Má Kánjú là ń lọ,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Ó parí.”

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìkéde. Ó ti di obìnrin tó lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún kó tó mọ̀wé kà ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, láti ìgbà náà kì í sì í gbé fóònù fún ọmọ ọlọ́mọ kó bá òun kọ nǹkan mọ́. Nígbà tó rántí pé ilé Bàbá Ọṣẹ jìn, àti pé àga ìrọ̀gbọ̀kú tí wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ kò ṣeé gbé rìn, ó fi gbólóhùn kan kún un, ó sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ibi iṣẹ́:

“Ile ounje Ma Kanju. Aago mejila si aago marun-un. Igba to ba ro yin lorun ni ki e wa. Eni to ba ni oko ko mu un wa.”

Nígbà tó máa fi di aago kan lọ́jọ́ Àìkú, tábìlì mẹ́ta ni wọ́n ti tò pọ̀. Bàbá Ọṣẹ jókòó sáàárín, ó ń wa àwo adìyẹ mọ́yà. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ni pé obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì mú ọkọ rẹ̀ dání. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé dé, tòun ti ọkọ. Nígbà tí ẹnì kẹta wọlé, tó ń ti ọkọ tirẹ̀ síwájú bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà, Ẹ̀gbọ́n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ máa kó ọkọ bọ̀?”

“Ẹ̀yin ni,” akọ̀wé dáhùn. “Èmi tiẹ̀ bá tèmi jà kó tó gbà. Ó ní bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n.”

Dírẹ́bà na fóònù rẹ̀ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí ìrẹsì fi ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ là ń gbé wá. Ọkọ là ń mú wá. Olùkọ́ yín ò kọ́ yín dé ibẹ̀ ni?”

“Ọkọ̀ ni mo kọ.”

“Àmì ẹ̀ dà?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín yẹn ló ti rántí. Fóònù Ìyàwó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, kò sì sẹ́ni tó yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú gúrúùpù. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyàwó, dìde. Gba ilé ìdáná jáde. Má bi mí ní nǹkan kan.”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àbúrò rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, páálí bàtà tuntun kan sì wà ní abíyá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí ilé mi tú.”

“Èmi kọ́ ni mo pè ọ́.”

“Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Ẹ̀gbọ́n.” Ó gbé bàtà kalẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. “Ó yá, wọ̀ ọ́ ká máa lọ. Màmá ti ń retí wa.”

Ìyàwó dìde. Kò wo bàtà náà. “Mi ò bá ọ lọ.”

Gbogbo tábìlì yíjú sí i. Láti ọdún méje tí wọ́n ti fẹ́ra, “ẹ” ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ irin gbígbóná pàápàá, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí” ló ń ké.

“Ta lò ń pè ní ‘ọ’?” ọkùnrin náà béèrè jẹ́jẹ́.

“Ìwọ.”

Ẹ̀ṣẹ́ ló fi dá a lóhùn. Eyín kan fò bọ́ sínú àwo Bàbá Ọṣẹ. Obìnrin náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di tábìlì mú, ó sì sá wọ ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ fò kọjá àga, ó gbá tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ tí kíréètì ń wó, tí ìgò ń fọ́. Nítorí èrò tó pọ̀ lọ́jọ́ náà, Má Kánjú ti to kíréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé òun gan-an ni Ẹ̀gbọ́n torí ẹ̀ yan ibẹ̀.

Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, àbúrò rẹ̀ ti wé irun obìnrin náà mọ́wọ́, ó ń gbá iwájú orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ọkọ akọ̀wé, ẹni tí wọ́n fà kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Jórinjórin ṣa àfọ́kù ìgò nílẹ̀, ó fi ya ọkùnrin náà lápá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ọkùnrin náà ké, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgò náà yíjú padà sí ọrùn Ìyàwó.

Ìkòkò irin òfìfo kan wà lórí ààrò. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì là á mọ́ àbúrò rẹ̀ léjìká. Ó gbọ́ tí egungun dún. Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n ni ọmọ yìí sùn sí títí tó fi pé ọdún mẹ́ta, torí iṣẹ́ ni ìyá wọn ń bá kiri. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tún gbé ìkòkò sókè, ó tún là á mọ́ ọn. Ó ń gbé e lẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ni Dírẹ́bà gbá a mú.

“Ó tó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa pa á.”

“Mo mọ̀,” ló wí, ó sì tó ìṣẹ́jú kan kó tó jọ̀wọ́ ìkòkò.

Ọlọ́pàá méjì tí Má Kánjú ránṣẹ́ pè dé. Ọ̀gá inú wọn wo ẹ̀jẹ̀, ó wo bàtà tuntun, ó mí kanlẹ̀. “Tọkọtaya ni wọ́n, àbí? Ẹ̀yin ìdílé ló yẹ kẹ́ ẹ yanjú irú èyí nílé. Ta ló lè sọ̀rọ̀ fún ìdílé ọkọ?”

Àbúrò gbójú sókè láti ilẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ẹ sọ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní a ó parí ẹ̀ nílé.” Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

Ìyàwó jókòó lórí kíréètì, Má Kánjú ń fi aṣọ ìnuwọ́ tẹ iwájú orí rẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń wò.

“Èmi ni ìdílé ọkọ,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Èmi náà, ọkọ rẹ̀ ni mí. Ẹ máa mú un lọ. Irin gbígbóná ló kọ́kọ́ fi lé e lọ́rùn, mo sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mò ń tẹ̀ lé yín bọ̀, mo máa rò ó délẹ̀.”

“Màmá, ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ o,” ọ̀gá ọlọ́pàá wí. “Àbúrò yín ni.”

“Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ.”

Wọ́n fà á dìde. Bó ti ń kọjá lẹ́bàá Ẹ̀gbọ́n, ó tẹjú mọ́ ọn. Bàbá Ọṣẹ ti fi bébà bo àwo rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Wọn ò tíì dé ìta tí fóònù Ẹ̀gbọ́n fi dún. Ìyá wọn ni. Ẹni burúkú kan ti sáré gbé ìròyìn débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó tó ń dún, tó ń dún, lẹ́yìn náà ló gbé e sétí.

“Màmá, ẹ jókòó ná,” ló wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un.”

Igbe náà pọ̀ débi pé ó ní láti gbé fóònù jìnnà sí etí. Kò pa fóònù náà. Ó fọwọ́ kejì gbé Ìyàwó dìde, ó sì rọra mú un gba àárín àfọ́kù ìgò kọjá, kó má baà tẹ̀ ẹ́.