Irin Tó Dẹ́rù Ba Awóṣùsì

Ní gbogbo Ìkòrò, kò sí ẹni tó mọ ajá Ògún bẹ́ bí Awóṣùsì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àdá rẹ̀ máa ń balẹ̀, orí á ti fò. Ẹni tó bá bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì ti dójú ti agboolé, wọ́n á gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Ọládèjì àbúrò rẹ̀ ń gbàdúrà fún nìyẹn. Ó ti ń fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ìdí nìyẹn tí egbò ọwọ́ ọ̀tún Awóṣùsì kò fi jẹ́ kó sùn. Ó lọ kí Jídé ọmọ rẹ̀ lókè Ọya, kantíkantí kan bu ú jẹ lẹ́yìn ọwọ́, ojú ibẹ̀ di egbò tí kò gbọ́ àgbo, tí kò gbọ́ ìpara. Dókítà ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ awọ ibẹ̀, inú egbò gan-an ni wọn yóò sì máa gún abẹ́rẹ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí Nọ́ọ̀sì Motọ́lání tó fa oògùn tán, bàbá ti tú ṣòkòtò, ó ti dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìdí mi rèé, ọmọ mi. Gún un."

"Bàbá, ìdí yín kò ṣàìsàn. Ẹ gbé ọwọ́ wá."

"Gún ìdí. Yóò bá mi jíṣẹ́ fún ọwọ́."

Ká má purọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọkùnrin tó ń bẹ́ ajá látìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú, abẹ́rẹ́ ló ń làágùn fún.

Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Jídé, ṣé abẹ́rẹ́ kì í ṣe irin ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó ń sá fún irin, Ògún ló ń sá fún. Àbí kí n lọ pe Ọládèjì kó wá bá yín gbà á, kó kúkú gba àdá mọ́ ọn?"

Awóṣùsì fa ṣòkòtò sókè, ó na ọwọ́.

"Ẹ bá mi bò wọ́n lójú, Ìyá," ni Motọ́lání wí. "Ohun téèyàn kò wò kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni."

Àbẹ̀bí fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lójú. Irọ́ ni nọ́ọ̀sì pa. Ó dùn ún dé egungun, ó pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bò ó lójú yẹn tù ú nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí egbò fi jinná.

Lọ́jọ́ ọdún Ògún, wọ́n na ajá sílẹ̀. Ọládèjì dúró nítòsí, ó ń ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Awóṣùsì gbé àdá sókè, ó wo ajá, ajá náà ń wo àdá. Ló bá sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ fi aṣọ bò ó lójú."

"Ìgbà wo lèyí ti dé inú ètùtù?" Ọládèjì ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Ògún ló sọ fún mi."

Àbẹ̀bí ń rẹ́rìn-ín bó ti ń tú ìborùn rẹ̀ fún wọn. Àdá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.