Wọ́n Ti Bàbá Ọlágbénró Mọ́ Àkámọ́

Lọ́dún 1976, tí owó epo pọ̀ ní Warri débi pé ewúrẹ́ Agbassa kì í jẹ èèpo iṣu mọ́, àfi búrẹ́dì oníbọ́tà, Dúrótoyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nílùú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gbẹ́ni Festus, olùkọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti fún un ní òdo, nítorí ó ń kó ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Bó bá gba ẹ̀kẹta, wọn yóò lé e dànù.

"Anything wey person tell you," Festus ní, "put im surname and the year inside bracket. If not, na zero!"

Nítorí iṣẹ́ kẹta yìí, Dúrótoyè lọ gba ìtàn lẹ́nu Bàbá Ọlágbénró, àgbà Ìlàjẹ tó ń hun àwọ̀n ní Ugborikoko. Bàbá sọ bí àwọn ará wọn ṣe wa ọkọ̀ ojú omi dé Warri kí epo tó dé. Ó sọ ọ́ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n Dúrótoyè. Ọmọ náà kọ ọ́ tán, ó gbé e wá fi han bàbá.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n bàbá rí orúkọ ara rẹ̀: (Ọlágbénró, 1976).

"Ọlágbénró lásán? Láìsí bàbá, láìsí alàgbà? O tún wá tì mí mọ́ àkámọ́! Kí ni mo jí?"

"Ẹ má bínú, bàbá, olùkọ́ ló…"

"Ara sàréè ni mo ti ń rí orúkọ àti ọdún! Ṣé ọdún yìí lo fẹ́ kí n kú? Yọ mí níbẹ̀, tàbí kí o dá ọ̀rọ̀ mi padà!"

Ó yọ ọ́, òdo ni. Kò yọ ọ́, èpè ni. Dúrótoyè làágùn débi tí ọkọ̀ lè fi léfòó. Ó tún un kọ: (Bàbá wa àgbà, Alàgbà Ọlágbénró, baba Ṣọlápé, ọkọ Kúbúrátù, 1976, wọn ò sì ní í kú lọ́dún náà). Ìgbà mẹ́tàlélógójì ló kọ ọ́. Ìwé olójú ewé mẹ́rin di mọ́kànlélógún.

Festus yanu. "Who be all this crowd?"

"Na one man, sir."

Festus rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ fi kán. "At least I sabi who talk am." Ó fún un ní mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Dúrótoyè sáré lọ ròyìn.

"Mọ́kànléláàádọ́ta péré?" ni bàbá wí. "Orúkọ mi nìkan tó ọgọ́rin!"

Kúbúrátù, ìyàwó rẹ̀, yọjú láti ibi ààrò. "Bàbá Ṣọlápé, ìtàn ọkọ̀ yẹn, ta ló sọ ọ́ fún yín, tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ yìí?"

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá àkámọ́ tí yóò sá wọ̀.