Rọ́bọ́ọ̀tì Ẹ̀yìn Òkìtì Koríko

Verna Noske fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n rà wọ́n. Níbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe panápaná láìgbowó ní ìlú Pinda, ó dìde, ó ní àwọn ọkùnrin tó ń tutọ́ sí ìka kí wọ́n tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó yóò sun gbogbo àwọn jóná lọ́jọ́ kan. Wọ́n bá ra rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́ta tó ń yí kiri etí oko, tó ń wọn ooru àti afẹ́fẹ́, tó ń pa méjèèjì pọ̀ di iye ewu iná, tó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sí fóònù kálukú. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ Verna ni oko méje gbójú lé. Bí iye náà bá ti pé márùndínlógójì, gbogbo ẹ̀rọ ìkórè gbọ́dọ̀ dúró, torí iná bíńtín lára irin lè jó àdúgbò tán. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ojú aládùúgbò ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iye náà di mẹ́tàdínlógójì. Pápá ọkà bálì kan ló kù fún Verna, èyí tó dára jù lọ́dún náà, yìnyín tó lè bà á jẹ́ sì ń bọ̀ lálẹ́. Ó wo rọ́bọ́ọ̀tì náà bó ṣe dúró gàgà nínú afẹ́fẹ́ bí alàgbà ìjọ. Inú bí i. Ó gbé e lọ sẹ́yìn òkìtì koríko, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, iye náà sì já wálẹ̀ sí méjìlélógún.

Kò tíì gé ìlà kan tán tó fi rí eruku ẹ̀rọ àwọn aládùúgbò lọ́ọ̀ọ́kán. Òmíràn sọ, òmíràn tún sọ. Gbogbo wọn jókòó sínú yàrá tútù ẹ̀rọ wọn, fóònù ni wọ́n ń wò. Rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oko sí oko bú sígbe. Dudley ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, olórí panápaná.

"Verna! Afẹ́fẹ́ ti rọ̀ o! Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wọ oko. Mo tọrọ gáfárà fún gbogbo ẹ̀fẹ̀ mi, nǹkan rẹ yìí kì í purọ́!"

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú tara ẹni ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti àwọn ọmọ Dudley. Verna gbá rédíò mú.

"Ẹ pa á! Gbogbo yín, ẹ pa ẹ̀rọ! Afẹ́fẹ́ kò rọ̀. Èmi ni mo gbé rọ́bọ́ọ̀tì pamọ́ sẹ́yìn òkìtì koríko."

Dudley ló kọ́kọ́ fèsì.

"O ṣe kí ni?"

"O gbọ́ mi, Dudley."

"Tún un sọ jàre. Noel ò gbọ́."

"Mo gbọ́ o," Noel aládùúgbò wọn dáhùn láti oko kejì, "àmọ́ kó tún un sọ."

Ó tún un sọ. Eruku rọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà lókè bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, afẹ́fẹ́ rọ̀ ní tòótọ́, iye rọ́bọ́ọ̀tì tí Verna ti dá padà sí àyè rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìkùukùu dúdú sì ti ń yọ. Ẹ̀rọ kan kò lè gé pápá yẹn tán kí yìnyín tó dé. Verna mọ̀, ó ń gé e lọ pẹ̀lú ẹkún. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìkórè mẹ́rin wọ pápá náà láìbéèrè, Dudley ló ṣíwájú.

"Ẹ ṣeun," Verna ní. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa—"

"Ta ló wá ràn ọ́ lọ́wọ́?" Dudley dá a lóhùn. "Olè tó ń gbé rọ́bọ́ọ̀tì pamọ́ la wá ṣọ́. Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ń dí wa lọ́nà."