Àmù Tó Bá Wọn Kó

Aránṣọ fi ojú kan wo inú awò tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá ní yàrá àyẹ̀wò tí ọmọ àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Omi àmù àtijọ́ rẹ̀ ni wọ́n kán sábẹ́ awò náà, àmù tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé wọn kì í fọ ìdí rẹ̀ kí omi má baà tẹ́ lẹ́nu.

"Ta ló ní kí àwọn wọ̀nyí wá máa jó nínú omi mi?"

"Kòkòrò àrùn ni, Ìyá. Àwọn ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í ṣe òórùn gọ́tà."

Aránṣọ gbé ojú kúrò lórí awò náà. Ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru wọ àdúgbò wọn, òórùn gọ́tà ni gbogbo ayé dá lẹ́bi. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi ilé tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kọ́ ìrìn sílẹ̀, wọ́n kó lọ sórí òkè, síbi atẹ́gùn tó mọ́. Ibẹ̀ lọmọ kú sí. Títí dòní, bó bá ń ránṣọ, etí rẹ̀ ṣì ń wá ìró ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn.

Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n ń kó lọ. Ọkọ rẹ̀ ru ẹní àti àpótí aṣọ. Òun pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé àmù yìí kan náà karí, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ kí ó má baà fọ́.