Ọjọ́ Tí Àwẹ̀ró Ní Kí Wọ́n Ṣí Ọkọ Wò

Ní ìlú Pẹpẹ, níbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni ń yọ́ wọ ilé àfẹ́sọ́nà, Ìkòkò Irin ló ń jọba, Ọ̀bẹ ni Balógun, àwọn ṣíbí kéékèèké sì ni ọmọ ìlú. Òfin kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju ọba lọ: a kì í ṣí ẹni tó bá fẹ́ joyè. Àwòrán ara rẹ̀ ni ìlú fi ń mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún kan, àárẹ̀ mú àwọn ṣíbí. Ọrùn wọn tẹ̀, wọ́n ń ṣubú lura wọn. Ọba kéde pé ẹni tó bá lè bọ́ wọn yóò gorí ìtẹ́, yóò sì fẹ́ Àwẹ̀ró ọmọ òun, abọ́ tánńganran tó funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ẹni méjì ló jáde. Páálí Olómi-Ọsàn ga, ó ń dán, wọ́n ya ọsàn sí i láyà, ìrì sì ń kán lára ọsàn náà. Bí Àwẹ̀ró ṣe rí i, etí abọ́ rẹ̀ dún gooro. “Áà,” ó wí nínú ọkàn rẹ̀, “bí àlá bá ni, kí ẹnikẹ́ni má jí mi o.” Agolo Ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀ kúrú, ìhà rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ewé tí wọ́n yà sí i lára sì ti ń ṣí kúrò. Àwọn ọmọrí ìkòkò bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọkọ ìyàwó! Ta ló gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́?”

Páálí dìde. “Kábíyèsí, ẹ wo àyà mi. Odindi ọgbà ọsàn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó lọ́gbà kì í febi pa ọmọ.” Ìlú hó yèè.

Agolo ní, “Kábíyèsí, iná ti sè mí kí n tó débí, ó sì ti mú díẹ̀ lọ nínú agbára mi. Iyọ̀ wà nínú omi mi. Ṣùgbọ́n ewé ni mí, ewé náà ló sì kù.”

“Ta ló ń polówó ọjà báyìí?” ni ọmọrí kan kígbe.

Àwẹ̀ró wojú Páálí, ọkàn rẹ̀ yọ́. Ó wá wo ṣíbí tó kéré jù, èyí tó máa ń kan etí rẹ̀ láràárọ̀ fún eré. Ṣíbí náà nà gbalaja sílẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

“Bàbá mi, ohun tí wọ́n bá dà sínú mi ni n óò fi bọ́ àwọn ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á kí n tó wí pé mo gbà.”

“Olólùfẹ́ mi,” ni Páálí wí, “ṣé wọ́n ń tú ọkọ wò bí ẹrù ni?”

“Olówó orí mi, ìdérí yín ṣeé dé padà. Kí lẹ wá ń bẹ̀rù?”

Ọba mi orí pé òun gbà. Páálí da díẹ̀ sínú Àwẹ̀ró. Omi náà pọ́n bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Àwọn ṣíbí lá a, wọ́n jó, òòyì dídùn kọ́ Àwẹ̀ró pàápàá. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé, gbogbo wọn ti tún ṣubú, wọ́n ń sunkún pé kí wọ́n bu sí i. Àwẹ̀ró wá ẹran ọsàn nísàlẹ̀ ara rẹ̀. Ṣúgà ló lẹ̀ mọ́ ọn, àti aró.

“Ọgbà dà?”

Páálí wo àyà ara rẹ̀.

“Ilé tí a fi itọ́ mọ,” ni Ọba wí, “ìrì ni yóò wó o.”

“Ó ku èmi,” ni Agolo wí.

Àwẹ̀ró yíjú sí i. “Ìwọ ò ní ìdérí. Bí Ọ̀bẹ bá ṣí ọ, o ò ní padé mọ́ láé.”

“Mo mọ̀, Àwẹ̀ró.”

Ọ̀bẹ ṣí i. Agolo ní kí wọ́n fi omi tútù ṣan ẹ̀fọ́ òun kí iyọ̀ lè dín kù. Ewé náà rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ní ara, ó ní okun. Àwọn ṣíbí jẹ ẹ́ láìjó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun kan ló kan Àwẹ̀ró létí: gooro. Ṣíbí kékeré ti dìde.

Wọ́n gbé adé wá fún Agolo. Ó ní òun ti ṣófo. Ẹni tó ti ná ara rẹ̀ tán kò nílò adé. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti yí: ẹni tí kò bá ṣí, kò ní joyè ní Pẹpẹ.

Àwẹ̀ró ní kí wọ́n bu erùpẹ̀ sínú Agolo, kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Láràárọ̀ ló ń gbé omi lọ bá a. Àwòrán ara Agolo ṣí kúrò tán pátápátá. Ní òwúrọ̀ kan, ewé tẹ̀tẹ̀ yọrí lẹ́nu rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, kò sì sí ẹni tó yà á.