Ọ̀rọ̀ Kan fún Èèyàn Méjìlélógójì

Kí ọ̀gá tuntun tó dé, aṣọ la máa ń rán níléeṣẹ́ wa. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni, funfun àti búlúù, a sì mọ̀ ọ́n rán. Ìgbà tó dé tòun ti táì ọrùn rẹ̀, ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní ohun tí kò jẹ́ ká tẹ̀ síwájú ni pé a ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ti bàjẹ́, òrùlé ń jò sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe wá. Ẹ má sì retí kí n fi "wọ́n" pè é. Ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn mi ni.

Bó ṣe di pé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, dípò ká jókòó sídìí ẹ̀rọ, à ń tò síwájú pátákó nìyẹn. Mo sọ ọ́ ní Baba Pátákó lọ́jọ́ náà gan-an, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ síbẹ̀ ni gádà, ìyẹn "gather" tàwọn Gẹ̀ẹ́sì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín, torí kò sí télọ̀ tí kò mọ gádà. Ohun tá à ń ṣe sí síkẹ́ẹ̀tì kó lè fẹ̀ nídìí ni. Ó ní rárá, ìyẹn kéré. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: èèyàn lè gádà ẹrù tó fọ́n ká, ó lè gádà èso lábẹ́ igi, èrò lè gádà síta, ìkúukùu náà lè gádà lójú ọ̀run. Ó tiẹ̀ ní èèyàn lè fi ọgbọ́n inú gádà ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Ó wá fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: "Mo gádà pé inú yín ò dùn sí ẹ̀kọ́ yìí." Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà ò kúkú gọ̀ tán.

Bó bá mọ síbẹ̀, à bá fara dà á. Àmọ́ ó ṣòfin. Lójoojúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi gádà ṣe gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbèésí ayé ojoojúmọ́ ni kó sì jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ohun tí ẹlòmíì ti sọ, torí ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Èèyàn méjìlélógójì ni wá. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó máa lọ sílé.

Bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn la ṣe ń tò. Èmi tí mò ń gé aṣọ ni mo máa ń ṣáájú, torí bí mi ò bá gé e, kí ni wọ́n fẹ́ rán? Àwọn tó ń rán apá tẹ̀ lé mi, àwọn onísíìpù tẹ̀ lé wọn, títí tó fi dé orí bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní àwọn ọmọdé ń gádà síwájú ilé-ìwé. Ó parí. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń wo bí òógùn ṣe ń bo àwọn yòókù, mo sì ń bá wọn kẹ́dùn lọ́nà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ni pé mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, àgbàlagbà ti ń fi gbólóhùn pamọ́ bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ fún ológbò. Onísíìpù kan àti ìyàwó rẹ̀, tó ń rán apá, jọ jókòó nílé, wọ́n jọ ronú kan gbólóhùn kan ṣoṣo. Apá ló ṣáájú síìpù. Ìyàwó sọ ọ́, ọkọ sì dúró bí igi. Ọjọ́ méjì gbáko ni ò fi jẹ oúnjẹ obìnrin náà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá dé bá jù ni Àǹtí Bọ́tìnì. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti wà níbẹ̀, inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn iléeṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, yàrá náà sì ń bá iṣẹ́ rìn ni. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ á kó jáde níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí Àǹtí gbọ́ ò ju "gúdú mọ́níìn" lọ. Kó tó kàn wọ́n, àwa èèyàn mọ́kànlélógójì ti gádà igi, a ti gádà omi, a ti gádà ẹbí àti ará, kò sì ku nǹkan kan láyé mọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, wọ́n ti sọ ọ́ tán," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kìíní. Ohun kan náà ni wọ́n wí lọ́jọ́ kejì. Baba Pátákó fa ilà méjì síwájú orúkọ wọn.

Ó dùn mí dọ́kàn. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo lọ jókòó tì wọ́n.

"Àǹtí, kí lẹ máa ń ṣe níbí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í ṣe?"

Wọ́n ronú títí. "Àwọn bọ́tìnì tó bá já bọ́ sílẹ̀, mo máa ń ṣà wọ́n. Tí gbogbo yín bá ti lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Àwa yòókù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà á? Mo bá wọn tò ó sí Gẹ̀ẹ́sì, pé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mò ń gádà bọ́tìnì tí àwọn ẹlòmíì sọ nù. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń rán bọ́tìnì tí wọ́n sì ń kà á lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán láìṣìṣe, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò mi, màá sùn lónìí," ni wọ́n wí. Wọn ò tíì sùn látọjọ́ tí òfin yẹn ti dé.

Ọjọ́ kẹta dé. Mo dúró síwájú, ọkàn mi balẹ̀, mo ní ìkúukùu ń gádà. Baba Pátákó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ ọ́ lánàá. Mo ní àwọn aládùúgbò ń gádà sídìí kànga. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo gádà pé ìwọ lò ń pè mí ní Baba Pátákó. Ẹnu tó mú tó yẹn, ṣé kò ní gbólóhùn kan tó kù? Àbí kí n fa ilà kan?"

Ilà kan péré. Méjì ì bá ṣì kù fún mi kí ẹnikẹ́ni tó lé mi lọ ibì kankan. Àmọ́ ẹnì kan fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, èmi tí mo máa ń fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì gbà mí tì. Mo la ẹnu. Mo ní tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mò ń gádà bọ́tìnì tí àwọn ẹlòmíì sọ nù.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ìgbésí ayé ojoojúmọ́ tí mò ń wí nìyí. Tún un sọ, kí gbogbo wọn gbọ́." Mo sì tún un sọ. Ó kọ ọ́ sójú pátákó gàgàrà, ó kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn.

Ó tó wákàtí kan kó tó kan bọ́tìnì. Àǹtí dìde. Wọ́n wo pátákó, wọ́n fọwọ́ tẹ́ iwájú aṣọ iṣẹ́ wọn kó gún. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa sílẹ̀, torí mo rò pé wọ́n á ní, "Tèmi nìyẹn." Gbólóhùn kan tó lè gbà wọ́n là nìyẹn, Yorùbá ni wọn ì bá sì fi sọ ọ́.

"Mi ò ní, ọ̀gá," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó. Ó fa ilà kẹta.

Nírọ̀lẹ́, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kẹ́rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Àǹtí, mi ò mọ̀ọ́mọ̀..." Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu.

"O sọ ọ́ dáadáa," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ti kólòlò níbi bọ́tìnì yẹn."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn wọn, mo sì fi etí wá a dáadáa. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì sókè, kó má baà wọ́ nínú ẹrẹ̀. Mo gbé e dé ẹnu géètì.