Òdo Tó Wà Lẹ́yìn Orúkọ Sawatzky

“Òdo!” Máníjà Hnatiuk fi ìka gbá ìwé orí tábìlì rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n Lorne, ẹ wò ó dáadáa. Sawatzky: eré mẹ́tàlá, gólù òdo! Ìyá mi àgbà tó ti kú gan-an ò gbá gólù kankan wọlé lọ́dún yìí, mi ò sì kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn tó máa gbá ní ìrọ̀lẹ́ òní.”

Lorne ò rẹ́rìn-ín. Igbákejì kóòṣì ni. Ó ti lo ogójì ọdún nídìí họ́kì, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá rọ́bà lórí yìnyín, wọ́n sì ti fọ́ imú rẹ̀ débi pé, tó bá sín, èèyàn mẹ́ta tó jókòó níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa nu ojú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà, torí kò sẹ́ni tó ń fárùngbọ̀n nínú ìdíje àṣekágbá títí ẹgbẹ́ á fi gba ife tàbí tí wọ́n á lé e lọ sílé. Eré òní ló máa pinnu ìyẹn fún ẹgbẹ́ wọn, Kettle Creek.

“Gord, jókòó,” ló wí. Òun ló kọ́ máníjà yìí bí wọ́n ṣe ń dúró lórí yìnyín nígbà tó ṣì ń tọ̀ sára. Ó fa ìwé kékeré kan yọ. “Ìwé tìẹ ń ka ẹni tó gbá gólù wọlé. Tèmi rèé. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni Sawatzky fi ara dí rọ́bà kó má bàa wọlé wa, rọ́bà tó le bí òkúta, tó ń bọ̀ bí ọta ìbọn! Ta ló ń wọ igun pápá lọ bá àwọn géńdé tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń já rọ́bà gbà lọ́wọ́ wọn? Nínú gólù mẹ́fà tí Tyler, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, gbá wọlé, ọwọ́ Sawatzky ni márùn-ún ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbá a kẹ́yìn nìkan lo kọ sílẹ̀.”

“Kí ló wá dé tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó jí bàtà wọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?”

Lorne wolẹ̀. Tí ìdíje bá ti le dé ibí yìí, wọn kì í dárúkọ ibi tó ń dun ẹnikẹ́ni. Tí àwọn alátakò bá gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa gbé ọ̀pá wá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Sawatzky pé kó panu mọ́, máníjà gan-an ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Òun náà ló ń fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ òsì tí rọ́bà bà lójoojúmọ́.

“Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni.”

Hnatiuk mí kanlẹ̀. “Ó dáa, ẹ ti borí mi. Ó máa gbá. Tó bá gbá a dópin eré, màá fún un ní àdéhùn ọdún méjì sí i. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó lọ wáṣẹ́ níbi ìwakùsà.”

“Ọdún méjì!” Ariwo tí Lorne ń pa bọ̀ nìyẹn títí tó fi dé yàrá ìmúra. Ó bá Sawatzky lórí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì inú ààrò, ó pọ́n, ó dúdú, ó tún ní àwọ̀ kan tí Ọlọ́run ò tíì sọ lórúkọ.

“Kóòṣì, ẹ bá mi tì í wọnú bàtà. Kò tiẹ̀ dùn mí mọ́.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti àná. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ìka ṣì wà níbẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Wọn ò sáà lè fi ọ̀pá gbá ohun tí mi ò ní!”

Lorne kúnlẹ̀. Ó di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ó tutù bí irin tó sùn síta. Gbogbo ohun tó kọ sínú ìwé kékeré yẹn, òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ yìí nìkan ni kò kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì.

“Kóòṣì, kí lẹ ń ṣe? Àdéhùn mi ńkọ́? Àbí ẹ̀yin náà ti gbà pé òdo ni mí?”

“Mo mọ ohun tí o jẹ́. Ẹsẹ̀ yìí tí mo ní kó o fi pa mọ́ ló ń pa ọ́ lọ.”

Sawatzky fi táwẹ́ẹ̀lì bojú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lorne yọ pẹ́ńsù etí rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré náà, lábẹ́ mọ́kànlélógójì, pé: Ẹsẹ̀ òsì, ó ti ṣẹ́. Ó gba ojú ọ̀nà tó gbà wá padà lọ, láìpariwo, ó sì kan ilẹ̀kùn máníjà.